Àga Fadá

Láti ọjọ́ tí àwọn fadá ti dá yunifásítì náà sílẹ̀, obìnrin kankan ò jókòó sórí àga olùdásílẹ̀ rí. Ọjọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹ̀hìntọlá di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ olórí ibẹ̀, bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, ó fìdí kalẹ̀ sórí rẹ̀, lábẹ́ àwòrán ńlá níbi tí fadá olùdásílẹ̀, tó ti kú tipẹ́, gbé jókòó sórí àga yẹn gan-an.

"Mà, ẹ dákun, ẹ dìde níbẹ̀," ni Bàbá Láníyọnu, akọ̀wé àgbà, wí lẹ́nu ọ̀nà. "Fadá kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Òórùn tábà gba inú yàrá. Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn obìnrin náà, níbi tí kò sí ènìyàn. Àga mì tìtì.

Ó di apá àga mú ṣinṣin. "Mi ò dìde. Ẹni tára bá ń ta ni kó dìde."

Nígbà tó gbójú sókè, fadá inú àwòrán ti dìde dúró.