Ogójì Ojú Lára Ògiri

Móòdù kan ṣoṣo ni Búrísínì ní. Òun ló ń fi ẹfun ṣe ọnà sára ògiri àwọn ìjòyè nílùú Réyì, igi móòdù náà, tó gbẹ́ ojú ọkùnrin onírùngbọ̀n kan sí, sì ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìjòyè Wíndádì ní kó fi ojú òun ṣe ogójì ọnà yí gbọ̀ngàn òun ká. "Tí mo bá rí irú ẹ̀ nílé Sádóyì, ọwọ́ ẹ méjèèjì ni màá gé." Lọ́jọ́ kejì, Sádóyì náà pè é, ohun kan náà ló sọ, ó kàn fi etí kún ọwọ́ ni.

Ó ti tó ọdún méje táwọn méjèèjì ti kíra gbẹ̀yìn. Àgbò Wíndádì ló sọnù, àgbò tó jẹ́ pé bó bá mumi lódò, ẹsẹ̀ ni ẹja á fi rìn délé. Wíndádì ní Sádóyì ló jí i.

Búrísínì fi móòdù kan náà tẹ ẹfun fún ilé méjèèjì.

"Wọ́n á mọ̀ o," ló wí fún Dínágì, ìyàwó ẹ̀.

"Ta ló mojú ara ẹ̀? Dé e ládé, wọ́n á ní àwọn ni." Dínágì ń rẹ́rìn-ín. "Ojo ni ẹ́ jàre. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa lọ́dún méje sẹ́yìn, gbogbo ìlú ń jẹran, ìwọ ń wo ẹnu ọ̀nà."

Ọdún tuntun dé. Àlùfáà iná mímọ́ fi dandan lé e pé kí Wíndádì lọ jẹun nílé Sádóyì, kí ìjà wọn lè parí. Búrísínì ti di ẹrù ka kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nígbà táwọn ẹ̀ṣọ́ wá mú un lọ síbẹ̀.

Wíndádì dúró síwájú ògiri Sádóyì. Ó fọwọ́ kan imú ẹfun, ó fọwọ́ kan imú ara ẹ̀. Ni omijé bá bọ́, agbada kan gbáko.

"Sádóyì! O fi ojú mi sílé ẹ lọ́nà ogójì!"

Sádóyì lanu, àmọ́ Wíndádì ti dì mọ́ ọn.

"Mo ti dárí àgbò yẹn jì ẹ́!"

"Mi ò jí àgbò!"

"Mo ti dárí ìyẹn náà jì ẹ́!"

Sádóyì wo ogún ọ̀kọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ Wíndádì, ó panu dé. Wíndádì bọ́ aṣọ ọrùn ẹ̀, ó wọ̀ ọ́ fún Búrísínì.

Nígbà tí Búrísínì délé, Dínágì nu ẹfun kúrò lára móòdù náà, ó sì gbé ojú bàbá tó bí i, tó ti kú, padà sí àyè ẹ̀ lára ògiri, lábẹ́ ìwo àgbò ńlá tí bàbá náà dá gbé fo ọgbà Wíndádì lóru ọjọ́ tí ìgbéyàwó wọn ku ọ̀la.