Ọ̀bẹ Adégoróyè àti Obì Màmá Ẹ̀jìdé

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ní ìlú Ìkirè, ọkùnrin káfíńtà kan wà tó ń jẹ́ Adégoróyè. Kì í jalè, kì í purọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì dá níbi iṣẹ́. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé ebi ìyìn máa ń pa á ju ebi oúnjẹ lọ.

Ọ̀bẹ àpò kan ló dá ebi yìí sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti òkè òkun dé ló fún un. Ojú ọ̀bẹ náà máa ń ká wọ inú èkù rẹ̀, ó sì mú bérébéré. Bí Adégoróyè bá fi bó ọsàn, èèpo rẹ̀ á gùn dé ilẹ̀ láì já. Àwọn èèyàn á pariwo pé, "Háà! Ọ̀bẹ rèé! Bàbá Gbọ́láhàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n fọwọ́ kàn án."

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní yinni-yinni, kẹ́ni ṣe mìíràn. Adégoróyè ṣe mìíràn títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣe tẹlòmíràn kún un. Bí ẹnì kan bá ń tú okùn àpò gaàrí, kó tó tú kókó kan, Adégoróyè á ti gé e. Bí télọ̀ bá fẹ́ fi eyín já òwú, á ní, "Mú un wá." Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parí ohun tó ń ṣe, nítorí ìyìn tó ń retí.

Ìgbà tó yá, ó kan ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó Gbọ́láhàn, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí. Gbọ́láhàn ti rí Morádékẹ́, ọmọ Apòmù, wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn dénú. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ tọrọ ọmọ, ìyàwó Adégoróyè rí ọ̀bẹ nínú àpò agbádá ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Gbọ́láhàn, ẹ fi nǹkan yìí sílé lónìí o. Ọmọ la ń lọ tọrọ, a ò lọ gé igi."

"Ìwọ náà ò mọyì nǹkan," ni ọkọ rẹ̀ fèsì. Ó ki ọ̀bẹ náà bọ àpò padà.

Èrò kún ilé àwọn Morádékẹ́ fọ́fọ́. Lẹ́yìn àdúrà, wọ́n gbé obì àbàtà kan fún Màmá Ẹ̀jìdé pé kí ó pa á. Ìyá ìyá Morádékẹ́ ni màmá yìí. Òun ló tọ́ ọmọ náà láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Láti ogójì ọdún, kò sí ọmọbìnrin tó relé ọkọ láti agboolé náà tí kì í ṣe òun ló pa obì rẹ̀. Obì àbàtà kì í sì í fẹ́ ọ̀bẹ. Ọlọ́run ti pín in sí awẹ́ awẹ́. Èèyàn kàn ń fi èékánná wá ibi tó ti pín ni, á sì là. Ṣùgbọ́n Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó wá ojú ibẹ̀, kò rí i. Ó tún yí obì náà padà. Gbogbo ilé ń dúró dè é.

Adégoróyè nìkan ni ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Ó dìde, ó ní, "Màmá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," ó sì já obì náà gbà lọ́wọ́ ìyá arúgbó. Ó ṣí ọ̀bẹ, ó dún kẹ́. Ó gé obì náà ní ìbú, ó gé e ní òòró, kò ku awẹ́ kan ní odindi. Ó wá gbójú sókè, ó ń retí "Háà!" tó ti mọ́ ọn lára.

Màmá Ẹ̀jìdé ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ṣófo. Morádékẹ́ bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ foríjì mí. Mo fẹ́ràn Gbọ́láhàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lè já obì gbà lọ́wọ́ ìyá mi lójú gbogbo yín lónìí, kí ni wọ́n máa já gbà lọ́wọ́ tèmi lọ́la?"

Olórí ẹbí ní kí àwọn àlejò máa gbé ẹrù wọn padà.

Gbọ́láhàn kò bá bàbá rẹ̀ jà. Ó kàn jáwọ́ nínú bíbá a jẹun ni. Èyí dun Adégoróyè ju èébú lọ. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ ní Apòmù lẹ́ẹ̀mẹrin kí wọ́n tó gbà fún un, ní ọdún kejì. Màmá Ẹ̀jìdé ti kú nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé bàbá ọkọ ni kí ó pa obì náà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tún lọ tọrọ ọmọ, ọ̀bẹ wà nílé. Adégoróyè gba obì. Ó fi ìka káfíńtà rẹ̀ tó nípọn wá ojú ibi tó ti pín, kò rí i. Ó yí i padà. Òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ọwọ́ Màmá ti gbọ̀n. Àwọn ọ̀dọ́ tó lè là á wéré pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dìde. Gbogbo ilé dúró dè é. Ìgbà yẹn ló tó mọ̀ pé ohun tí òun já gbà lọ́wọ́ Màmá lọ́jọ́sí ju obì lọ. Ó bú sẹ́kún.

Níkẹyìn, èékánná rẹ̀ rí ojú ibẹ̀, obì là, awẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé. Kò sẹ́ni tó yìn ín. Gbọ́láhàn na ọwọ́, ó mú awẹ́ kan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyí: ẹ má ṣe torí ìyìn já iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń fara balẹ̀ ṣe é, pàápàá àgbàlagbà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.