Hóró Pupa Méje

Olè oògùn ni mí, ẹ bá mi rẹ́rìn-ín.

Oṣooṣù ni mò ń jí hóró pupa méje nínú oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí Qudrah, ìyàwó Bashir ọmọ mi, kó lè lóyún.

Mo sì ń gbé wọn mì, kó má ṣòfò.

Ilé wa ní àdúgbò Adéwọlé yìí dákẹ́ jù. Inú fóònù ni àwọn ọmọ-ọmọ mi ń gbé.

Lónìí, mo bi Rodiyah oníkẹ́míìsì nípa oògùn náà, ó là mí lọ́yẹ̀: "Alhájà, àwọn funfun ló ní èròjà méjì tó ń dènà oyún. Oògùn tó ń fún ni lẹ́jẹ̀ lásán ni pupa."

Abájọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fi ń dán.

Mo délé, mo jẹ́wọ́. Qudrah ò bínú.

"Ìyá, inú rírun nǹkan oṣù ni mò ń lò ó fún. Ọdún kan rèé tí Bashir ti ń tẹ́ ẹní tirẹ̀ sùn lọ́tọ̀. Ta ló máa fún mi lóyún?"