Ojú Àwọ̀n Mọ́kànlélógójì

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni ẹ̀rọ tún dá iṣẹ́ dúró, ìgbà kẹta nìyẹn. Obìnrin tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Aláwọ̀n nu àtẹ́lẹwọ́ sí aṣọ rẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Wẹ́dà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun ló jó páìpù tó ń fa èéfín ọ̀dà jáde ní ilé iṣẹ́ kan. Lóṣù tó kọjá, èéfín náà padà wọlé, ó sì pa pẹ́ńtà méjì. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ìgbìmọ̀ olùwádìí máa fọwọ́ síwèé pé wẹ́dà ló fiṣẹ́ ṣeré. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, ẹ̀wọ̀n ló kù.

Iṣẹ́ Aláwọ̀n kò ṣòro láti sọ. Á ya páìpù sínú kọ̀ǹpútà, á wá gé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sí ojú wẹ́wẹ́ bí àwọ̀n apẹja, ojú tó tó mílíọ̀nù méjì, kí ẹ̀rọ lè ṣírò bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba inú ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjá. Ojú tó bá gún régé, ìṣirò rẹ̀ á fìdí múlẹ̀. Èyí tó bá wọ́, nọ́ńbà á ya wèrè níbẹ̀, tàbí kó fara balẹ̀ parọ́.

Nínú fáìlì ìṣirò tí ọ́fíìsì wọn fi fọwọ́ sí páìpù náà lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ojú mọ́kànlélógójì ló wọ́, gbogbo wọn níbi tí páìpù ti tẹ̀ bí ìgúnpá. Èsì fáìlì yẹn sọ pé afẹ́fẹ́ ń jáde geere. Òun ni ìgbìmọ̀ gbà gbọ́. Bí àwòrán páìpù bá dáa, a jẹ́ pé ẹni tó jó o ni kò dáa.

Ọ̀gá wọlé pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ wo kọ̀ǹpútà.

"Mọ́kànlélógójì nínú mílíọ̀nù méjì? Irun kan nínú irùngbọ̀n mi nìyẹn."

"Bó bá hù sínú ojú yín ńkọ́, sà?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ẹnu ẹ mú. Ta ló tiẹ̀ ṣe iṣẹ́ jákujàku yìí? Èmi ò tíì débí nígbà náà."

"Kò sí orúkọ lórí ẹ̀. Ẹni náà ń kánjú."

"Ó mà kánjú lóòótọ́. Àfi bíi pé ọkọ̀ fẹ́ já a sílẹ̀."

Aláwọ̀n ní kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ na àwọn ojú tó wọ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, mẹ́sàn-án ló ṣẹ́ kù, àwọn yẹn ò sì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Ó nà wọ́n, wọ́n tún ká jọ. Ó gé wọn sí wẹ́wẹ́, wọ́n di méjìdínlógún. Omi ojú bọ́ sórí tábìlì, ó fi ìgbọ̀nwọ́ nù ún kúrò, ó dá ohun gbogbo padà sí mẹ́sàn-án.

Fóònù dún. Ọlọ́pàá kan ló yá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní fóònù látìmọ́lé.

"Aláwọ̀n, o ti jẹun?"

"Bùrọ̀dá, ẹ̀yin lẹ wà látìmọ́lé, èmi lẹ̀ ń bi lóúnjẹ."

"Oúnjẹ ibí dùn. Ìyàwó mi ò gbọdọ̀ gbọ́ o." Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ gé e mọ́ ọn lẹ́nu. "Ó ní o tún ń tú iṣẹ́ páìpù yẹn wò."

"Ó ku ojú mẹ́sàn-án."

"Fi sílẹ̀."

"Kí lẹ wí?"

"Fi àwọ̀n yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo ti dàgbà. Ibo ni mo tún fẹ́ sáré lọ?"

"Àwọn ọmọ yín ńkọ́?"

"Wọ́n ní àǹtí. Owó wẹ́dà ni mo fi rán ẹ níléèwé. Mi ò ní kó o lọ kọ́ orí kunkun."

"Ìyẹn ò sí níléèwé, Bùrọ̀dá. Ọwọ́ yín ni mo ti kọ́ ọ."

Aláwọ̀n ló kọ́kọ́ pa fóònù.

Kò ṣí ìwé àwòrán kó tó mọ ohun tó kàn. Nínú ìgúnpá náà, irin pẹlẹbẹ kan wà tó ń darí afẹ́fẹ́. Ibi tó ti kan ògiri páìpù mú ṣóńṣó, kò sí ojú kankan tó lè gún régé níbẹ̀. Aláwọ̀n gé ṣóńṣó náà kúrò ní ìwọ̀n irun orí kan. Ó tún àwọ̀n tẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó fi ìpele mẹ́wàá tẹ̀ lé ara ògiri, èyí tó kan irin rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èyí tó tẹ̀ lé e nípọn díẹ̀. Ó ka àwọn ojú tó wọ́. Kò sí ìkankan.

Ó dí gbogbo ojú ibi tí wẹ́dà ti jó páìpù pọ̀ pa nínú àwòrán, kí afẹ́fẹ́ má rí ihò kankan gbà, ó sì tẹ bọ́tìnnì. Nọ́ńbà ń fò sókè sódò. Aago mẹ́ta kọjá. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta ààbọ̀ lù, àwọn nọ́ńbà rọlẹ̀, wọ́n fìdí múlẹ̀. Afẹ́fẹ́ dé ìgúnpá, ó kọlu irin pẹlẹbẹ, ó yí padà, ó gba abẹ́ ara rẹ̀ padà sínú yàrá.

Ó pe Ọ̀gá. Ọ̀gá wò ó títí, ó gbé ife sílẹ̀.

"Wẹ́dà ò mọwọ́, kò mẹsẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹni tó gba mọ́kànlélógójì yẹn wọlé ló pa àwọn pẹ́ńtà yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ọ̀gá fa fọ́ọ̀mù ìgbìmọ̀ yọ látinú dúrọ́ọ̀, ó fìka sí àlàfo kan nísàlẹ̀. "Wọ́n á béèrè ẹni tó ṣe ti àkọ́kọ́. Bá a ò bá mọ̀ ọ́n, kọ ọ́ pé a ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n á tú ẹ̀gbọ́n ẹ sílẹ̀ bákan náà. Ṣe kíá, aago ń lọ."

Aláwọ̀n mú bírò, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí àlàfo náà, ó sì kọ ọjọ́ tí òun ṣe iṣẹ́ ọ̀hún lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.