Aránṣọ Tí Ajá Rẹ̀ Kọ́

Aránṣọ kan wà tí kì í gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, a kò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fẹ́ tọ́ ọ sọ́nà, kí onítọ̀hún tó la ẹnu, yóò ti ní, "Mo ti mọ̀ ọ́n." Ìdí nìyí tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Mo-ti-mọ̀. Orúkọ náà kò bí i nínú. Ó rò pé oríkì ni.

Mo-ti-mọ̀ ní ọmọ ajá kan tó fẹ́ràn bí ojú. Ìjì ló sọ ọ́, nítorí ara ajá náà kì í balẹ̀. Bó ṣe ń sá gba abẹ́ máṣíìnì ni yóò máa fò mọ́ ẹni tí wọ́n ń wọn aṣọ fún. Èyí tó burú jù ni pé a máa já aṣọ oníbàárà gbà lórí tábìlì, a sì gbé e sá. Ọjọ́ tó fa apá ṣẹ́ẹ̀tì tuntun ya ni ìyàwó aránṣọ, tó ń rán bọ́tìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fọwọ́ lé ìbàdí.

"Bàbá wọn, ẹ mú ajá yìí lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ajá. Bó bá tún ba aṣọ oníbàárà jẹ́ pẹ́nrẹ́n, ilé ìyá mi ló ń lọ."

"Ìjì tèmi? Kò ní í lọ ibì kankan!"

Síbẹ̀, ó mú un lọ síbi ẹ̀kọ́ náà. Ní ọ̀sán Sátidé, àwọn ajá àti àwọn tó ni wọ́n á tò sórí pápá kan. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í pariwo ni olùkọ́ wọn. Ìlànà rẹ̀ kò pọ̀: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ajá bá ṣe é, ó jẹ ẹran. Bí kò bá ṣe é, kò sí ẹran.

"Jókòó," ló wí fún Ìjì. Ìjì jókòó.

Mo-ti-mọ̀ gba okùn. "Jókòó, ọmọ mi, jókòó jàre, ṣé o ò rí i pé àwọn èèyàn ń wò wá ni, jókòó, o ṣeun." Ìjì fò mọ́ ọn láyà, ọ̀gá rẹ̀ sì fún un lẹ́ran. Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín, òun náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ bi í pé, "Ọ̀gá, bó bá gbé aṣọ nílé, kí lẹ máa ń ṣe?"

"Ìyẹn ò le rárá. Màá na ẹran sí i, á sọ aṣọ sílẹ̀ kíá."

Obìnrin náà di orí mú. "Háà! Ajá ló ń kọ́ yín yẹn, ẹ̀yin kọ́ lẹ ń kọ́ ajá. Ó ti mọ̀ pé tóun bá ti gbé aṣọ, ẹran dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa fi ohun tí mo kọ́ yín dánra wò nílé."

"Mo ti mọ̀ ọ́n," ni aránṣọ wí.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ṣùgbọ́n Mo-ti-mọ̀ kò kó nǹkan kan láti ilé. Bí Ìjì bá gbé aṣọ, ẹran ni. Bí ìyàwó rẹ̀ bá yọjú, á ju ẹran náà sábẹ́ tábìlì kíákíá. Ajá ń sanra, inú àwọn méjèèjì sì ń dùn.

Nígbà tí ìgbéyàwó kan ku ọ̀la, ìyàwó tuntun wá wọ gáùn rẹ̀ wò. Aṣọ náà funfun báláú, ẹ̀yìn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ó sì bá a mu rẹ́gí. Ó bọ́ ọ, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì kí wọ́n lè lọ̀ ọ́. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, Ìjì ti gbé e. Ó wọ́ ọ yí àgbàlá po, ó fi gba inú ẹrẹ̀, ó sì padà wá síwájú ọ̀gá rẹ̀. Ó jókòó wẹ́rẹ́ bí ọmọ gidi, gáùn lẹ́nu, ó ń retí ẹran.

"Sọ ọ́ sílẹ̀! Ìjì, mo bẹ̀ ọ́, sọ ọ́ sílẹ̀, ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Ìjì kàn ń ju ìrù. Ìyàwó tuntun bú sẹ́kún. Kí aránṣọ tó mọ ohun tó ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ti wọ àpò, ó ti mú ẹran jáde. Ìjì sọ gáùn sílẹ̀.

"Ẹ̀ẹ́n!" ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́ ọ!"

Àṣesílẹ̀ làbọ̀wábá. Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ṣùgbọ́n Ìjì ní tirẹ̀ gbọ́ fèrè. Ẹni tó ni ín ni kò gbọ́. Mo-ti-mọ̀ gé gbogbo ẹ̀yìn gáùn náà kúrò, ó rán òmíràn sí i, kò sì fojú kan oorun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n mú Ìjì lọ sílé ìyá ìyàwó aránṣọ. Omi bọ́ lójú ọkùnrin náà, kò sì fi bò.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó lọ kí wọn. Ìyá àgbà náà ti mú Ìjì padà sí pápá ẹ̀kọ́, ó sì ń fi ìlànà olùkọ́ kọ́ ọ láràárọ̀. Ìjì fò mọ́ Mo-ti-mọ̀, ó lá a lójú, wọ́n ṣeré títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Nígbà tó dìde láti máa lọ, ajá tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà.

"Dúró," ni ìyá àgbà wí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìjì dúró. Mo-ti-mọ̀ náà, ẹsẹ̀ kan níta, ẹsẹ̀ kan nínú ilé, dúró gbagidi.

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin kọ́, àna mi. Ẹ̀yin ẹ máa lọ sílé."

Òun nìkan ló padà sílé.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun tí ìtàn yìí ń kọ́ wa nìyí: ẹni tó bá ní òun ti mọ̀ tán kò ní ibi tí yóò fi ẹ̀kọ́ sí. Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi ọ̀nà hàn tó kọ̀ tí kò rìn ín, ta ni yóò dá lẹ́bi? Bí a bá mú ọmọ tàbí ajá lọ síbi ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí àwa náà jókòó kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Kí a sì ṣọ́ ohun tí a ń fi ọwọ́ ara wa bọ́ nínú ilé, nítorí ìwà tí a bá ń fún lẹ́ran ni yóò máa dàgbà.