Máòsì Tí Kì Í Sùn

Bí wọ́n ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn ilé ìtajà kọ̀ǹpútà ni oníṣẹ́ awò ojú náà wọlé. Ó sọ fún obìnrin tó ń tajà pé òun fẹ́ ra máòsì fún láàpútọ́ọ̀pù ìyàwó òun. Kò fẹ́ oníwáyà, kò sì fẹ́ èyí tí wọ́n ń ki nǹkan rẹ̀ bọ ihò, torí ihò ara láàpútọ́ọ̀pù náà ti bàjẹ́.

Obìnrin náà ní oní-Búlútúùtù ló ń wá nìyẹn. Ó to mẹ́ta sórí káúńtà. Ọkùnrin náà kò bèèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ó bèèrè èyí tí kì í sùn nínú wọn.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo wọn ló ń sùn bí ọwọ́ bá ti kúrò lára wọn, kí bátìrì má baà tètè tán. "Oorun làwọn èèyàn ń wá kiri, ẹ̀yin lẹ ń sá fún un. Ṣé ọ̀gá yín ló ń ṣọ́ yín ni?"

"Ìyá ìyàwó mi ni," ni ó fi dá a lóhùn. Kò bá a rẹ́rìn-ín.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ àti bàbá ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní òdìkejì òkun. Iṣẹ́ Màmá ni kó máa ka ìwé àwọn ọmọ iléèwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, kó ṣa àṣìṣe inú rẹ̀. Iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ìyàwó oníṣẹ́ awò ojú náà, ni kó máa ya àwòrán ilé. Inú ilé làwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́, lórí láàpútọ́ọ̀pù. Bí ẹnì kan bá wà nídìí ẹ̀rọ, iná kékeré kan aláwọ̀ ewé á máa tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ lójú ẹ̀rọ ẹnì kejì. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá kọjá láìfọwọ́ kan nǹkan, iná á kú. Ọdún mẹ́fà ni ìyá àti ọmọ fi ń tan iná fún ara wọn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ láàárín ọ̀sán. Iná yẹn ni ìkíni wọn.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ìyàwó rẹ̀ kú, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Kí wọ́n tó gbé e wọlé, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. "Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, Màmá ò gbọdọ̀ gbọ́ o. Ọkàn wọn ò lè gbé e." Òótọ́ ni, dókítà Màmá ti kìlọ̀ pé ìròyìn burúkú kan ṣoṣo ti tó. Ọkùnrin náà bá sọ fún wọn pé iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere. Kò sọ òótọ́ fún Bàbá pàápàá, torí Bàbá kì í lè fi nǹkan pamọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wà nínú Bàbá, Màmá á ti mọ̀ kí ọkọ rẹ̀ tó jókòó.

Láti ìgbà náà ló ti ń tan iná òkú. Ìsàlẹ̀ ló ti ń gé dígí awò ojú, òkè ni láàpútọ́ọ̀pù wà nítorí eruku dígí. Bí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án bá pé, á gun àtẹ̀gùn, á fọwọ́ kan ẹ̀rọ, á sọ̀ kalẹ̀. Dígí mọ́kànlá ló ti fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìgbà tó bá pẹ́ díẹ̀, Màmá á ti kọ̀wé: "Ṣé kò sí o?" Á sáré fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ dáhùn pé kò sí.

Ohun tó tù ú nínú ni pé Màmá kò bèèrè ohùn ọmọ rẹ̀. Bàbá ti ṣàlàyé pé dókítà ní kí Màmá má sọ̀rọ̀ lórí fóònù mọ́, kó kàn máa kọ̀wé. Ìwé rẹ̀ kúrú báyìí. Ẹni tó máa ń bèèrè ohun tí ọmọ rẹ̀ jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́, bóyá òjò ń rọ̀ ló kù tó ń bèèrè. Àmọ́ iná tirẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ tàn, kì í sì í kú, kódà ní wákàtí ọ̀sán tí dókítà ní kó máa fi sùn. Ọkùnrin náà gbà pé ara rẹ̀ ń le ni. Ìyẹn dùn mọ́ ọn, ó sì tún bà á lẹ́rù, torí bí ara Màmá bá le tán, òun náà ní láti sọ̀rọ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a.

Ó yọ aago ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ nínú àpò, ó tẹ́ ẹ sórí káúńtà, ó ní kí wọ́n so àwọn máòsì náà mọ́ kọ̀ǹpútà ilé ìtajà níkọ̀ọ̀kan. Ó gbé àkọ́kọ́ lé ojú aago. Ó tóbi jù, ó yẹ̀ ṣubú. Ojú tó wà lábẹ́ ìkejì kò rí ọwọ́ aago tó ń sáré. Ìkẹta kéré, ó fúyẹ́, ó sì dúró. Gbogbo ìgbà tí ọwọ́ aago bá kọjá lábẹ́ rẹ̀ ni ọfà kékeré ojú kọ̀ǹpútà ń sún díẹ̀. Wọ́n dúró tì í fún ìṣẹ́jú méjìlá. Kò sùn. Obìnrin náà ti dẹ́kun ẹ̀rín. Ó dì í fún un.

Lọ́jọ́ náà, ó gé dígí mẹ́rin láìfọ́ ọ̀kankan. Ọ̀sán ló tó gòkè. Iná ìyàwó rẹ̀ ń tàn, iná Màmá náà ń tàn. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sunkún.

Bàbá pè é ní ìrọ̀lẹ́. Ó bèèrè bóyá òjò ti ń rọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ọkùnrin náà ní kò tíì rọ̀. Bàbá bèèrè ọmọ rẹ̀; ọkùnrin náà ní ó wà nídìí iṣẹ́. Bàbá ní òótọ́ ni, iná rẹ̀ kò kú rárá lónìí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ó wúkọ́.

"Ọmọ mi, ìwọ lo mọ̀ nípa ẹ̀rọ," ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, "má jẹ́ kí ìyàwó ẹ gbọ́ o, torí ara ẹ̀ ò tíì le tó, àmọ́ láti ọjọ́ tí mo ti sin ìyá ẹ̀, èmi nìkan ni mò ń tan iná yìí fún un, ó sì ti rẹ̀ mí: irú máòsì wo ni kì í sùn?"