Mítà Olóòfà ní Akotogbo

"Ẹ ṣí i, Màmá," ni ẹnjiníà ilé iṣẹ́ ọṣẹ wí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ so mítà olóòfà, èyí tó ń ka iye lítà tó bá kọjá, mọ́ páìpù abẹ́ táǹkì epo ni.

Ọdún mẹ́ta ni elépo yìí ti ń bẹ ilé iṣẹ́ náà kí wọ́n wá ra epo òun. Ó ṣí ẹnu páìpù. Nọ́ńbà ń gòkè lójú mítà: ogún lítà, ogójì, ọgọ́rin.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń sáré! Àwọn ará Erinje ní mò ń da omi mọ́ epo. Òpùrọ́ ni wọ́n!"

"Mítà yìí kì í ka epo, Màmá, torí epo kì í gbé iná mànàmáná. Omi nìkan ló ń kà."

Elépo sáré nawọ́ sí ẹnu páìpù.

"Ẹ má tì í." Ẹnjiníà fa àga, ó jókòó. "Ẹ jẹ́ ká dúró de epo."